Òyìnbó Tó Ń Ṣọ́ Èèrà ní Moor Plantation

 

Bẹ́ ẹ bá wọ mọ́tò láti Bẹẹrẹ lọ sí Àpáta, ẹ ó kọjá lẹ́bàá Moor Plantation. Ọ̀pọ̀ wa mọ̀ ọ́n sí oko ìjọba àti ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀. Ẹnì kan ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láyé àtijọ́ tó yẹ ká mọ̀. Orúkọ rẹ̀ ni Charles Ogilvie Farquharson.

Lásìkò tí mò ń wí yìí, ọkọ̀ ojú irin ti dé Ìbàdàn láti 1901, ṣùgbọ́n Gbọ̀ngàn Mápó ò tíì sí. Ó di 1929 kí wọ́n tó ṣí i. Iṣẹ́ tí ìjọba gba Farquharson fún ni pé kó máa wá ìdí àwọn àrùn tí ohun bí olu àti èéhu ń kó bá irè oko. Ṣùgbọ́n bó bá ti ráyè, ìdí igi ló ń lọ, ó ń wo èèrà, labalábá àti ẹ̀fọn. Ọdún márùn-ún ló fi ṣe é, láti 1914 dé 1918.

Ẹ gbọ́ ọ̀kan nínú ohun tó rí. Èèrà dúdú kékeré kan wà tó máa ń tò lọ tò bọ̀ lára igi. Bó bá bínú, á gbé ìdí sókè. Crematogaster ni wọ́n ń pè é nínú ìwé. Farquharson rí ẹ̀fọn kan tó máa ń fò lókè ojú ọ̀nà wọn. Bí èèrà kan bá mu omi dídùn yó, tó ń bọ̀, ẹ̀fọn yìí á bà síwájú ẹ̀, á dá a dúró, á ti ẹnu bọ ẹnu èèrà, á sì mu nínú ohun tó gbé bọ̀. Lẹ́yìn náà, kálukú á gba tiẹ̀ lọ. Ṣé ẹ ò rí i pé àgbèrò ni? Bí wọ́n ṣe ń dá mọ́tò dúró ní oríta Bẹẹrẹ gan-an nìyẹn! Ẹ̀fọn yìí kì í mu ẹ̀jẹ̀ èèyàn rárá. Owó ìta lọ́wọ́ èèrà ló ń jẹ. Àwọn onímọ̀ kòkòrò ní London tẹ ìròyìn náà jáde ní 1918.

Ó tún tọpa àwọn labalábá kéékèèké tí ọmọ wọn máa ń gbé láàárín èèrà. W. A. Lamborn ti ṣe irú iṣẹ́ yìí ní Gúúsù Nàìjíríà ṣáájú ẹ̀. Wọ́n fi orúkọ tiẹ̀ sọ labalábá kan, Aslauga lamborni, ní 1914. Báyìí ni Ìbàdàn ṣe wọ máàpù àwọn onímọ̀ kòkòrò ní Oxford.

Ní oṣù October 1918, Farquharson wọ ọkọ̀ ojú omi Burutu, ó ń lọ sílé. Ogun àgbáyé kìíní ò tíì parí. Ọkọ̀ mìíràn kọlù wọ́n lójú òkun, Burutu rì, ó sì bómi lọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ẹ̀ ò rì. Ó ti ń kọ lẹ́tà sí Ọ̀jọ̀gbọ́n Edward Poulton ní Oxford tipẹ́tipẹ́. Poulton kó wọn jọ, wọ́n sì tẹ̀ wọ́n jáde ní 1922.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ibi tí mò ń lọ rèé. Àwọn ìyá wa tó ń ta ewé àti egbò mọ ohun tó ju ìwé ẹnikẹ́ni lọ. Àwọn bàbá wa mọ ìkamudù yàtọ̀ sí tanpẹ́pẹ́, wọ́n mọ èyí tó ń bọ̀ nígbà òjò. Koríko kan ń jẹ́ bẹẹrẹ bí àdúgbò wa, òun ni wọ́n fi ń bo ilé nígbà kan. Mélòó nínú wa ló lè dá a mọ̀ bó bá rí i? Bí àgbà kan bá kú láìjẹ́ pé ẹnì kan kọ ọ́ sílẹ̀, tiwọn á rì pátápátá ni.

Ẹ jọ̀ọ́, bẹ́ ẹ bá wálé ọdún, ẹ jókòó ti màmá yín. Ẹ ya fọ́tò ewé kan, ẹ béèrè orúkọ ẹ̀ àti ohun tó wà fún, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sórí gúrúùpù. Ẹyọ kan péré lọ́dọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìlú wa á máa gbèrú o.