Ẹsẹ̀-adìẹ

Ẹ̀yà: ọ̀rọ̀-orúkọ. Ìṣẹ̀dá: ẹsẹ̀ + adìẹ.

Ìtumọ̀: Olú kékeré kan tí ń hù lára òkú igi. Orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ni Schizophyllum commune.

Ìrísí: Ó rí bí abẹ̀bẹ̀ kékeré, irun funfun fẹ́ẹ́rẹ́ sì bo ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn ìlà abẹ́ rẹ̀ là sí méjì méjì. Èyí ni orúkọ tí Elias Fries fún ìran olú náà ní 1815 ń tọ́ka sí. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, àwọn ìlà náà á ká jọ. Bí òjò bá rọ̀, wọn á tún ṣí.

Iṣẹ́ rẹ̀ nínú igbó: Èso lásán ni ohun tí ojú ń rí. Ara olú náà gan-an ni àwọn okùn tín-ín-rín tó wà nínú igi, tí ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi jẹrà. Báyìí ni ohun tí igi kòkó tó wó lóko Ilé-Ifẹ̀ ti kó jọ láyé rẹ̀ ṣe ń padà sínú ilẹ̀, kí igi mìíràn lè rí i jẹ. Ṣùgbọ́n olú yìí tún lè gba ojú ọgbẹ́ wọ inú igi tó ṣì wà láàyè. A ti rí i ní gbogbo ilẹ̀ ńlá ayé, àfi Antarctica.

Ìlò: Àmì ìdàpọ̀ ló yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ẹsẹ̀ adìẹ tí à ń jẹ. Ọ̀rọ̀ ẹnu kò ní àmì, nítorí náà kí ògbufọ̀ fetí sí ọ̀rọ̀-ìṣe.

• Lẹ́yìn òjò, ẹsẹ̀-adìẹ hù bo ìtì igi náà. (Olú ni: ẹsẹ̀ adìẹ kì í hù.)
• Ẹsẹ̀ adìẹ yìí yi. Ẹ jẹ́ kó pẹ́ lórí iná. (Ó lè jẹ́ èyíkéyìí, nítorí olú náà yi bí ẹran. Kí a ka gbólóhùn tó ṣáájú.)

Àkíyèsí: Kí a má fi “olú” nìkan rọ́pò orúkọ yìí, kí a má sì ṣẹ̀dá òmíràn. B. A. Oso gbé àpilẹ̀kọ kan lórí olú àti àwọn Yorùbá jáde nínú Mycologia ní 1975. Èdè náà ti ní orúkọ fún ọ̀pọ̀ olú. Iṣẹ́ ògbufọ̀ ni láti kọ́kọ́ bi àwọn tó ń ká a léèrè.