Ẹ̀bùn Ìwé Kíkọ àti Èdè tí a fi ń Gbà á

Bí a bá dárúkọ ẹ̀bùn tí a fi ń dá òǹkọ̀wé lọ́lá, ọjọ́ ayẹyẹ ni ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń lọ sí. Lójú tiwa, ọjọ́ tí a kéde ìdíje ni ìtàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ọjọ́ náà ni a ti ń sọ èdè tí a óò gbà àti èyí tí a kò ní gbà. Ọdún 1938 fi èyí hàn kedere.

Ní ọdún náà, olùkọ́ méjì gbé ìwé ìtàn àròsọ jáde. Ọ̀kan ni Daniel Ọlọ́runfẹ́mi Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó. Ìdíje tí àwọn aláṣẹ ètò ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà pè ni ó mú kí ó kọ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ní èdè Yorùbá. Èkejì ni Paul Hazoumé, tí a bí ní Àjàṣẹ́ ní 1890. Ìwé tirẹ̀, Doguicimi, dá lórí ìgbà ọba Guézo ní Àgbómẹ̀. Èdè Faransé ni ó fi kọ ọ́, Paris ni a ti tẹ̀ ẹ́, Georges Hardy, ẹni tí ó ti ṣe olórí ètò ẹ̀kọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti Faransé rí, ni ó sì kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀.

Kì í ṣe pé ọ̀kan nínú wọn fẹ́ràn ilẹ̀ baba rẹ̀ ju èkejì lọ. Àdéhùn tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ṣe ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889 ti fi Kétu, Ṣábẹ̀ àti Àjàṣẹ́ sí apá kan, ó fi Ọ̀yọ́ àti Abẹ́òkúta sí apá kejì. Lẹ́yìn náà ni àṣẹ ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún ọdún 1924 dé, tí ó ní Faransé nìkan ni kí a máa lò ní ilé ẹ̀kọ́, tí ó sì ka èdè ìbílẹ̀ léèwọ̀ fún olùkọ́. Ta ni ìbá pe ìdíje ìwé Yorùbá níbi tí a kò ti gbọdọ̀ fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní ABD?

Àwọn ará wa kọ̀wé o. Nígbà tí àlùfáà Francis Aupiais dá La Reconnaissance Africaine sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ ní 1925, Hazoumé àti Thomas Moulero wà lára àwọn tí ó ń kọ̀wé síbẹ̀. Ọmọ Kétu ni Moulero, òun sì ni ó di àlùfáà Kátólíìkì àkọ́kọ́ nínú àwọn ọmọ Dàhòmì, ní 1928. Ẹnu àwọn àgbà ni irú ìtàn tí ó kọ ti ń jáde, ní Yorùbá, pẹ̀lú oríkì àti òwe. Orí ìwé ni ó ti di Faransé. A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn ṣì ń lọ. Síbẹ̀, ọmọ ọmọ àwọn àgbà náà ní láti gba inú èdè mìíràn kọjá kí ó tó gbọ́ ohùn baba ńlá rẹ̀.

Àwọn ẹ̀bùn tọ ipa ọ̀nà kan náà. Fágúnwà gba ẹ̀bùn ìrántí Margaret Wrong ní 1955. Lọ́dọ̀ tiwa, Grand prix littéraire d'Afrique noire, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1961, wà fún ìwé tí a fi Faransé kọ. Olympe Bhêly-Quenum gbà á ní 1966 fún Le Chant du lac, Jean Pliya gbà á ní 1967 fún Kondo le requin. Ọmọ Dàhòmì ni àwọn méjèèjì, ẹ̀bùn náà sì tọ́ sí wọn.

Ẹ̀bùn Noma, tí owó rẹ̀ ti Japan wá, ni ó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún àwọn èdè Áfíríkà. Ní 1984, Gakaara wa Wanjau ti Kẹ́ńyà wà lára àwọn méjì tí ó gbà á. Èdè Gĩkũyũ ni ó fi kọ ìtàn àtìmọ́lé rẹ̀. Láti 2009 ni ẹ̀bùn náà kò ti sí mọ́.

Bí ẹgbẹ́ kan bá fẹ́ pe irú ìdíje bẹ́ẹ̀ láàárín wa lónìí, ọ̀rọ̀ álífábẹ́ẹ̀tì ni yóò kọ́kọ́ pàdé. Láti 1975 ni Bẹ̀nẹ̀ ti ní tirẹ̀ fún àwọn èdè orílẹ̀-èdè: ɛ àti ɔ ni ó ń lò níbi tí àwọn ará Nàìjíríà ti ń fi àmì sábẹ́ e àti o. Akẹ́kọ̀ọ́ Ṣábẹ̀ lè kọ ìwé tí ó dára, kí adájọ́ láti Ìbàdàn sì rò pé àṣìkọ ni ó kún inú rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó gbé kálámù, ìkéde náà ní láti sọ pé a óò gba ọ̀nà ìkọ̀wé méjèèjì, kí àwọn adájọ́ sì wá láti ìhà méjèèjì ibodè.