Ọ̀nà Èbúté Liverpool Láyé Ọkọ̀ Òkun

Ní ọdún 1895 ni wọ́n ṣí ibùdókọ̀ ojú irin Riverside sí etí odò Mersey ní Liverpool, kí ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Euston ní Lọ́ńdọ̀nù lè gbé èrò dé ẹ̀gbẹ́ Prince's Landing Stage, ìyẹn èbúté tó léfòó lórí omi, láìjẹ́ pé wọ́n ń ru ẹrù la ìgboro kọjá. Ìwé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ àpótí ni ó ń ya ẹrù tí èrò yóò lò lójú omi sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí yóò wà nísàlẹ̀ ọkọ̀. Èbúté yìí ni Aureol, ọkọ̀ iléeṣẹ́ Elder Dempster tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1951, ti ń gbéra lọ sí Èkó, kí bàálù tó gba èrò lọ́wọ́ ọkọ̀ òkun, tí wọ́n sì ti Riverside pa ní 1971.