Orè, Òdìgbó àti Rélùwéè

Àwọn ará Orè àti Òdìgbó kì í gbọ́ fèrè rélùwéè. Ní ọdún 1896 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ irin láti Èkó. Ó gba Abẹ́òkúta kọjá, a sì ṣí i dé Ìbàdàn ní oṣù kẹta ọdún 1901. Láti ibẹ̀ ni ó ti kọrí sí Jẹ́bà àti Kánò, nítorí òwò Òkè Ọya ni wọ́n ń lé.

Kì í ṣe ìrìn àjò olówó pọ́ọ́kú nìkan ni èrò Orè pàdánù. Níbi tí irin bá ti jẹ́ ẹyọ kan, awakọ̀ rélùwéè kò gbọdọ̀ kúrò ní ibùdó láìgba àmì ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ ọ̀gá ibùdó, kí ọkọ̀ méjì má baà forí gbárí. Ta ni ó ń fún awakọ̀ tírélà ní irú àmì bẹ́ẹ̀ ní oríta Orè, níbi tí ọkọ̀ Èkó, Bìní, Oǹdó àti Òkìtìpupa ti ń pàdé?

Irin tuntun tí a ṣí ní ọdún 2021, kìlómítà 157, Ìbàdàn náà ni ó tún gbà. Ní ọdún 2014 ni ìjọba àpapọ̀ ti buwọ́ lu ìwé iṣẹ́ irin Èkó sí Calabar, Orè sì wà lára ibi tí yóò kọjá. Mọ́tò ni èrò Orè ṣì ń wọ̀.