Nígbà tí Ojú Kọ̀ǹpútà Bá Ṣókùnkùn: Ìtàn Dráífà Àwòrán àti Ọ̀nà Àbáyọ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú, ṣùgbọ́n bí àgbà bá ṣubú, a bojú wẹ̀yìn. Ìtumọ̀ òwe yìí kò ṣòro. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ó gbé òun ṣubú ní láti padà lọ wo ọ̀nà tí òun gbà kọjá. Bóyá ni ibì kan wà lóde òní tí òwe yìí ti wúlò tó ìdí kọ̀ǹpútà tí ó kọ̀ tí kò jí mọ́. Olùkọ́ kan lè wà ní Bẹẹrẹ tàbí ní Bẹyẹrúnká tí ó ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣe ìṣirò máàkì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ẹ̀rọ náà sọ fún un pé dráífà àwòrán tuntun ti dé. Ó gbà á láyè, ó tún ẹ̀rọ tàn, ojú gíláàsì sì dúdú bí ihò òkété. Ní òwúrọ̀, ó gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Onítọ̀hún nu gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kúrò, ó sì fi Windows mìíràn sí i. Ẹ̀rọ jí, ṣùgbọ́n máàkì ti lọ. Ìbéèrè tí ó yẹ kí àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga jíròrò lé lórí ni èyí: ǹjẹ́ ó di dandan kí ohun gbogbo run kí ẹ̀rọ kan tó lè padà bọ̀ sípò? Ìtàn fi hàn pé kò di dandan.

Ìlú Ìbàdàn fúnra rẹ̀ mọ ohun tí à ń pè ní ìṣubú àti ìdìde. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé nígbà tí Lágelú tẹ ìlú àkọ́kọ́ dó sí ẹ̀bá ọ̀dàn, wọ́n tú aṣọ lára egúngún kan láàárín ọjà, ọ̀rọ̀ náà sì di ogun tí ó pa ìlú náà run. Lágelú àti àwọn tí ó ṣẹ́kù gun òkè Awótán lọ. Wọn kò ní ọjà, wọn kò sì ní odi ìlú. Èso òro àti ìgbín ni wọ́n ń jẹ, ìkarahun ìgbín ni wọ́n sì fi ń mu ẹ̀kọ. Nígbà tí ọkàn wọn balẹ̀, wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n tẹ ìlú kejì dó sí Orí Yángi, ibi tí gbogbo ayé mọ̀ sí Ọjà'ba títí di òní. Ẹ̀kọ́ kan wà nínú ìtàn yìí tí kò yẹ kí ó bọ́ sọnù. Kí àwọn ènìyàn wọ̀nyí tó tún ìlú kọ́, wọ́n kọ́kọ́ wá ibi gíga kan tí wọ́n ti lè fi ìwọ̀nba oúnjẹ gbé ẹ̀mí ró. Àwọn tí ó ṣe kọ̀ǹpútà náà pèsè irú òkè bẹ́ẹ̀ sínú ẹ̀rọ wọn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò mọ ọ̀nà tí ó gun orí rẹ̀.

Àwòrán ojú gíláàsì kì í ṣe àjèjì ní Ìbàdàn. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959 ni ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ṣí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV ní ìlú yìí, èyí tí ó jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní ilẹ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni kọ̀ǹpútà wọ Nàìjíríà. Ọdún 1963 ni àwọn òpìtàn sábà máa ń tọ́ka sí, nígbà tí ìṣirò èsì ìkànìyàn ọdún náà béèrè fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ẹ̀rọ méjèèjì kò tíì pàdé nígbà náà. Káàdì tí a lu ihò sí lára ni ènìyàn fi ń bá púpọ̀ nínú kọ̀ǹpútà ìgbà náà sọ̀rọ̀, orí bébà ni òun náà sì ń tẹ ìdáhùn rẹ̀ sí. Ẹ̀rọ tí kò ní ojú kò lè ní àrùn ojú.

Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ ọdún 1981 ni ilé iṣẹ́ IBM ti Amẹ́ríkà gbé kọ̀ǹpútà orí tábìlì rẹ̀ jáde. Ẹni tí ó bá rà á ní láti yan káàdì tí yóò máa gbé ohun sí ojú gíláàsì. Ọ̀kan wà tí ó ń kọ lẹ́tà nìkan. Èkejì, tí wọ́n ń pè ní CGA, lè ya àwòrán, àwọ̀ mẹ́rin péré ni ó sì máa ń lò bí ó bá ń yà á. Ní 1987, IBM tún gbé VGA jáde. Èyí lè to àmì tíntìntín 640 ní ìbú àti 480 ní òró, pẹ̀lú àwọ̀ 16. Àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn wò ó, wọ́n ṣe tiwọn, kálukú sì ń fi kún ti ẹnì kejì. Bí káàdì wọn ti ń yára sí i ni èdè wọn ń yàtọ̀ sí i, ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé kò sí káàdì tí kò tún gbọ́ èdè VGA mọ́ tirẹ̀. Ó di èdè àjùmọ̀sọ, bí ẹni tí ó gbọ́ èdè mẹ́wàá tí kò gbàgbé èdè abínibí.

Níbi tí èdè bá ti pọ̀, ògbufọ̀ kò lè ṣàìsí. Nígbà tí Ìbàdàn tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pẹ̀lú àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní 1893, tí Captain Bower sì di Rẹ́sídẹ́ǹtì, ẹnu ògbufọ̀ ni ọ̀rọ̀ ń gbà láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn ìjòyè. Bí ògbufọ̀ bá ṣi ọ̀rọ̀ túmọ̀, ìjà lè bẹ́ sílẹ̀ láàárín ẹni méjì tí kò ṣẹ ara wọn rárá. Iṣẹ́ yìí gan-an ni dráífà ń ṣe. Ó jẹ́ ètò kékeré kan tí ilé iṣẹ́ tí ó ṣe káàdì kọ, kí Windows lè mọ bí yóò ṣe bá káàdì náà sọ̀rọ̀. Nítorí náà, kọ̀ǹpútà lè pé, káàdì lè pé, Windows náà lè wà láìní àbùkù, kí ojú gíláàsì sì dúdú síbẹ̀ nítorí pé ògbufọ̀ tuntun tí a gbà kò gbọ́ èdè.

Èéṣe tí àṣìṣe ògbufọ̀ kan fi ń ti gbogbo ààfin pa? Ìdáhùn wà nínú ìtàn. Nínú Windows NT tí ó jáde ní 1993, ìta ìyẹ̀wù ni Microsoft fi púpọ̀ nínú iṣẹ́ àwòrán sí. Bí ó bá ṣe àṣìṣe, kò lè fọwọ́ ara rẹ̀ ba ohun tí ó wà nínú ìyẹ̀wù jẹ́. Ṣùgbọ́n lílọ-bíbọ̀ láti ìta wọlé ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn. Nígbà tí Windows NT 4.0 dé ní 1996, wọ́n mú ògbufọ̀ àwòrán wọ inú ìyẹ̀wù gan-an kí iṣẹ́ lè yá. Iṣẹ́ yá lóòótọ́, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, bí dráífà àwòrán bá ṣe àṣìṣe ńlá, ẹ̀rọ a dá iṣẹ́ dúró pátápátá, ojú gíláàsì a sì di búlúù. Windows Vista tí ó bọ́ sọ́wọ́ ará ìlú ní 1977 ó lé 30, èyíinì ni 2007, pín iṣẹ́ ògbufọ̀ náà sí méjì, ó fi apá kan síta, ó sì kọ́ Windows láti jí dráífà tí ó bá dákú láì pa ẹ̀rọ. Síbẹ̀, àwọn dráífà náà kò tíì gbó. Nínú ìwé Microsoft tí ó hàn sí gbangba ní ilé ẹjọ́ Amẹ́ríkà ní 2008, bíi 28.8 nínú ọgọ́rùn-ún ìjákulẹ̀ Vista tí wọ́n kọ sílẹ̀ ní 2007 ni wọ́n tọpa rẹ̀ dé ìdí dráífà Nvidia.

Bí ìtàn bá rí báyìí, ọgbọ́n àtúnṣe kò jìnnà mọ́. Ohun àkọ́kọ́ ni láti mọ ìgbà tí òkùnkùn náà bẹ̀rẹ̀. Dráífà kì í ṣiṣẹ́ títí Windows yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í jí. Nítorí náà, bí a bá tan ẹ̀rọ tí àmì ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é kò tilẹ̀ yọ lójú gíláàsì, ẹ̀bi náà kò sí lọ́rùn dráífà. Okùn tí ó so gíláàsì mọ́ ẹ̀rọ, káàdì tí ó yẹ̀ kúrò ní àyè rẹ̀, tàbí gíláàsì fúnra rẹ̀ ni kí a yẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n bí àmì náà bá yọ, tí òkùnkùn tàbí ojú búlúù sì tẹ̀lé e, tí ó sì jẹ́ pé àná ni dráífà tuntun wọlé, ẹni tí ó bojú wẹ̀yìn ti rí ibi tí ó ti kọsẹ̀. Ohun tí ó sábà máa ń fà á kò ju mélòó kan lọ. Ó lè jẹ́ pé dráífà káàdì mìíràn ni a gbé wọlé, tàbí pé iná lọ nígbà tí iṣẹ́ dé ìdajì, tàbí pé àṣẹ́kù dráífà àtijọ́ ń bá tuntun jà, tàbí pé ibi tí kò ṣeé fọkàn tán ni a ti gbà á.

Lẹ́yìn èyí ni gígun òkè. Nígbà tí Microsoft gbé Windows 95 jáde ní ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ ọdún 1995, wọ́n fi ọ̀nà kan sínú rẹ̀ tí wọ́n pè ní Safe Mode. Bí ẹ̀rọ bá gba ọ̀nà yìí jí, kò ní pe ògbufọ̀ tuntun rárá. Èdè àjùmọ̀sọ ti 1987 ni yóò lò, pẹ̀lú àwọ̀ 16 rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwòrán fi máa ń tóbi tí ó sì máa ń rí wúruwùru níbẹ̀. Òro àti ìgbín orí òkè Awótán ni. Kò dùn tó oúnjẹ ọjà, ṣùgbọ́n ó gbé ẹ̀mí ró. Safe Mode òde òní ń lo àwọ̀ tí ó ju 16 lọ, ṣùgbọ́n ìlànà náà kò yí padà.

Láyé àtijọ́, bọ́tìnnì F8 ni a ń tẹ̀ láti débẹ̀. Láti ìgbà Windows 8 ní 2012, bọ́tìnnì yìí kì í sábà jẹ́ ìpè mọ́. Bí Windows 10 tàbí 11 bá kùnà láti jí lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta léraléra, òun fúnra rẹ̀ yóò ṣí ojúewé àtúnṣe. Níbẹ̀ ni a ó ti yan Troubleshoot, lẹ́yìn náà Advanced options, lẹ́yìn náà Startup Settings. Ẹ̀rọ yóò tún ara rẹ̀ tàn, a ó sì tẹ 4 fún Safe Mode. Ẹ̀rọ mìíràn lè béèrè nọ́ńbà 48 ti BitLocker kí ó tó gbà. Ó yẹ kí olúwarẹ̀ ti tọ́jú nọ́ńbà yìí síbi tí ó dára ṣáájú. Bí ẹ̀rọ bá ti jí, inú Device Manager, lábẹ́ Display adapters, ni a ó ti rí Roll Back Driver, tí ó wọ Windows láti 2001. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti lé ògbufọ̀ tuntun lọ kí ó sì pe ti àtijọ́ padà. Bí kò bá ṣeé tẹ̀, a lè yọ dráífà náà kúrò pátápátá, kí a tún ẹ̀rọ tàn, kí a sì gba èyí tí ó bá káàdì mu láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é. Bí Safe Mode pàápàá bá kọ̀, System Restore wà lójúewé àtúnṣe kan náà, ó sì lè dá ètò Windows padà sí bí ó ti wà ṣáájú, bí ẹ̀rọ náà bá ti ń tọ́jú irú àmì ìpadàbọ̀ bẹ́ẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ọ̀rọ̀ aláìmọ̀ ni èyí, kí ó rántí ọjọ́ 19 oṣù keje ọdún 2024. Ilé iṣẹ́ ààbò kan tí ń jẹ́ CrowdStrike fi fáìlì tuntun ránṣẹ́ sí dráífà rẹ̀ tí ó wà nínú ìyẹ̀wù Windows káàkiri ayé. Fáìlì náà ní àbùkù. Bíi mílíọ̀nù 8.5 ẹ̀rọ ni ó ṣubú. Ọkọ̀ òfuurufú kò gbéra, àwọn báńkì àti ilé ìwòsàn sì dúró. Kì í ṣe dráífà àwòrán, ṣùgbọ́n irú ìṣubú kan náà ni, òkè kan náà ni wọ́n sì gùn. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, ènìyàn ní láti jókòó sídìí rẹ̀, kí ó wọ Safe Mode, kí ó yọ fáìlì náà kúrò, kí ó sì tún un tàn. Kò sí ẹni tí ó ní kí a nu mílíọ̀nù mẹ́jọ ẹ̀rọ mọ́ kanlẹ̀.

Ó ṣeé ṣe kí gbogbo ọ̀nà wọ̀nyí kùnà, kí ó sì wá ku nínu-mọ́ nìkan. Bí ó bá dé ibẹ̀, ẹni tí ó mọṣẹ́ lè kọ́kọ́ yọ dísíìkì náà, kí ó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn, kí ó sì ko àkọsílẹ̀ inú rẹ̀ jáde. Ẹ̀tọ́ oníbàárà ni láti béèrè fún èyí, ojúṣe atúnṣe sì ni láti béèrè kí ó tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ṣùgbọ́n èyí tí ó dára jù ni kí ẹ̀dà kejì ti wà níbòmíràn kí ìṣubú tó dé.

Lórí kókó yìí, Ìbàdàn ní ẹlẹ́rìí kan tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wúwo. Ìlú yìí ni Samuel Johnson ti ṣe olùkọ́ àti kátẹ́kíìsì, kí ó tó di àlùfáà ní Ọ̀yọ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ó fi kó ìtàn àwọn Yorùbá jọ. Ní 1899, wọ́n fi ìwé náà ránṣẹ́ sí òǹtẹ̀wé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì sọnù síbẹ̀. Johnson kú ní 1901 láì fojú rí i. Ìwé ṣíṣe àkọ́kọ́ àti àwọn àkọsílẹ̀ tí ó ṣẹ́kù sílé ni àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, fi tún un kọ, ó sì jáde ní 1921. Ká ní wọ́n ti da àwọn bébà àkọ́kọ́ wọ̀nyẹn nù ni, ọ̀pọ̀ nínú ohun tí àwọn ọmọ Yorùbá mọ̀ nípa àwọn baba wọn ni ìbá ti bá òkun lọ.

Nítorí náà, kí àwọn olùkọ́ fi nǹkan mẹ́ta yìí kọ́ àwọn ọmọ: kí wọ́n tọ́jú ẹ̀dà kejì kí wọ́n tó gba dráífà tuntun láyè, kí wọ́n bojú wẹ̀yìn wo ohun tí ó yí padà kí ẹ̀rọ tó ṣubú, kí wọ́n sì mú ohun tí wọ́n fi sí i gbẹ̀yìn kúrò, kí wọ́n tó fọwọ́ kan ohun tí ó ti wà níbẹ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ohun tí a bá fi sùúrù mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.