Àṣẹ Ọba, Owó Oníṣòwò: Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní Etíkun Wa kí Faransé Tó Dé Ṣábẹ̀ẹ́

Ìbéèrè kan máa ń jáde léraléra nínú kíláàsì: bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá ti kọ́ odi sí Ouidah ní nǹkan bí 200 ọdún kí àwọn ọmọ ogun Faransé tó wọ Abomey ní 1892, kí ló dé tó fi jẹ́ èdè Faransé ni àwọn ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ ń kọ́ ní ilé-ìwé? Èrò wa ni pé ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ìwé àṣẹ tí àwọn ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń fọwọ́ sí: ohun tó wà nínú rẹ̀, àti ohun tí kò sí níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti 1553. Ní oṣù Kẹjọ ọdún náà ni Thomas Wyndham kó ọkọ̀ kúrò ní Portsmouth, ó forí lé Ìbíní. Edward Kẹfà ti wàjà ní oṣù Keje. Atọ́kọ̀ tó mọ ọ̀nà kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì rárá. Potogí ni, Antonio Pinteado. Nígbà tí àwọn oníṣòwò dé ààfin, Ọba Ìbíní bá wọn sọ èdè Potogí, èyí tó ti kọ́ láti kékeré. Ó ní òun yóò kó iyèré fún wọn, òun yóò tilẹ̀ tà á ní àwìn bí ọjà tí wọ́n kó wá kò bá tó. Ṣùgbọ́n ibà ń pa àwọn ará ọkọ̀ lójoojúmọ́. Wyndham kú, Pinteado kú. Nínú nǹkan bí 140 ènìyàn tó jáde nílé, agbára káká ni 40 fi padà dé Plymouth. Àwọn òpìtàn máa ń ka èyí sí àdánù lásán. Fún àwa onímọ̀ èdè, ohun tó yẹ kó dá wa dúró ni pé èdè ẹlòmíràn ni ọba àti oníṣòwò fi gbọ́ra wọn yé.

Ọbabìnrin Elizabeth Kìn-ín-ní fún Walter Raleigh ní ìwé àṣẹ ní 1584 láti gba ilẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Àwọn tí wọ́n kó lọ sí Roanoke ní 1587 pòórá. Ìgbà James Kìn-ín-ní, ní 1607, ni Jamestown tó fìdí múlẹ̀. Ìwé tí Elizabeth fún àwọn oníṣòwò kan ní 1588 nípa Senegal àti Gambia yàtọ̀ pátápátá. Òwò ni ó fún wọn, fún ọdún 10, kì í ṣe ilẹ̀. Ìyàtọ̀ yìí ni a kì í fi bẹ́ẹ̀ tẹnu mọ́ tó.

Charles Kejì ló sọ ọ̀rọ̀ náà di ńlá. Ilé-iṣẹ́ tó kọ́kọ́ fún láṣẹ ní 1660 wọ gbèsè. Ní 1672 ó dá Royal African Company sílẹ̀, àbúrò rẹ̀, James, sì jẹ́ olórí rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó: ènìyàn ni ọjà náà, àwọn tí a ń pè ní Nàgó sì wà lára wọn. Odi tó wà ní Ouidah ń jẹ́ William's Fort, lórúkọ William Kẹta. Orúkọ ọba wà lára odi, àmọ́ ilẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Ọba Hùẹ̀dá ló ni ín. Láti 1727, ó di ti ọba Dàhòmì. Faransé àti Potogí náà ní odi tiwọn níbẹ̀. Lẹ́yìn tí òfin 1807 fòpin sí òwò ẹrú láàárín àwọn Gẹ̀ẹ́sì, odi náà kò níṣẹ́ mọ́, wọ́n sì fi í sílẹ̀ ní 1812. Ohun tó kù ni orúkọ: Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ ní Whydah, Faransé ní Ouidah, Potogí ní Ajudá, bí etí kálukú ṣe gbọ́ ọ.

Ìgbà Victoria ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tó délẹ̀ wa gan-an. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fẹnu kò lórí ààlà kan láti etíkun dé ìlà 9 ní àríwá. Ṣábẹ̀ẹ́ wà ní nǹkan bí ìlà 8, ó sì bọ́ sí ìwọ̀-oòrùn ààlà. Ṣakí àti Ìséyìn bọ́ sí ìlà-oòrùn. Àwọn ìjòyè Ṣábẹ̀ẹ́ kò sí níbi tí wọ́n ti ń fa ìlà náà. Ìyẹn ni ìwé Faransé fi ń kọ ìlú wa ní Savè, tó sì ń kọ àwa ènìyàn ibẹ̀ ní Tchabè, nígbà tí àwọn ará òdìkejì ààlà ń fi ṣ kọ ọ́: Ṣábẹ̀ẹ́.