Òṣùwọ̀n Tírélà ní Ìkòròdú: Ta Ni Yóò Gbà Á Gbọ́?

Ní oṣù kìíní ọdún 2023, Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣí ilé-iṣẹ́ ìrẹsì ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ní Ìmọta, lágbègbè Ìkòròdú. Òkìkí tó kàn ni pé ẹ̀rọ ibẹ̀ lè ṣiṣẹ́ lórí tọ́ọ̀nù 32 ní wákàtí kan. Ilẹ̀ Èkó nìkan kò lè pèsè ìrẹsì eléèpo tí yóò tó irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀; tírélà ni yóò máa gbé e wá láti àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn. Bí a bá fojú bù ú, tírélà kan ni ẹ̀rọ náà lè jẹ tán láàárín wákàtí kan. Ẹnu géètì, níbi tí a ti ń wọn ọkọ̀, ni èrè tàbí òfò ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Bí òṣùwọ̀n bá fi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ṣìnà lórí ẹrù tọ́ọ̀nù 30, kílò 300 ni ìyẹn: àpò oníkílò 50 mẹ́fà. Ẹnì kan ti pàdánù, ẹlòmíràn ti jèrè, kò sì sí ẹni tí a lè pè ní olè.

Nígbà kan rí, ẹni tí ó bá fẹ́ wọn kẹ̀kẹ́ ẹrù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní láti fi ẹ̀wọ̀n gbé e kọ́ sókè. Ní àwọn ọdún 1740 ni John Wyatt ti ìlú Birmingham ṣe pẹpẹ tí kẹ̀kẹ́ lè gùn, tí àwọn ọ̀pá tó wà lábẹ́ rẹ̀ ń pín ìwúwo náà tó bẹ́ẹ̀ tí irin kékeré fi lè gbé e dọ́gba. Ní Amẹ́ríkà, nítorí igi okùn tí àwọn àgbẹ̀ ń fi kẹ̀kẹ́ kó wá tà ni Thaddeus Fairbanks ṣe ṣe tirẹ̀, ó sì gba ìwé-àṣẹ rẹ̀ ní 1831.

Nílẹ̀ Yorùbá, kòkó ni ó sọ òṣùwọ̀n di ọ̀rọ̀ ìjà. Oníṣòwò ló ni òṣùwọ̀n, oníṣòwò ló ń kà á. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí, ṣùgbọ́n ojú àgbẹ̀ tí kò mọ nọ́ńbà kò lè ṣọ́ irin ìwọ̀n. Ìgbìmọ̀ Nowell, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán wá yẹ òwò kòkó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wò ní 1938, gbọ́ ẹ̀sùn òṣùwọ̀n èké yìí. Nígbà tí àjọ tí ń ra kòkó fún ìjọba dé ní 1947, iye owó di ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ṣáájú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó di òṣùwọ̀n mú ṣì ni ó ń sọ iye kòkó. Ní 1974 ni òfin ìwọ̀n tuntun jáde, tí kílò gba ipò póùn.

Ó yani lẹ́nu pé nínú ọdún 1938 yẹn kan náà ni àwọn ará Amẹ́ríkà méjì, Edward Simmons àti Arthur Ruge, ṣàwárí wáyà tín-ín-rín tí iná inú rẹ̀ ń yí padà bí irin tí a lẹ̀ ẹ́ mọ́ bá ti ń fà. Òun ni ó wà nínú òṣùwọ̀n ọkọ̀ òde òní.

Ilé-iṣẹ́ tí ó bá fẹ́ ra ọ̀kan ní Agric tàbí Odogunyàn lónìí sábà máa ń kọ́kọ́ béèrè iye owó. Gígùn pẹpẹ ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ béèrè. Pẹpẹ kúkúrú yóò mú kí a wọn iwájú tírélà lọ́tọ̀ àti ẹ̀yìn lọ́tọ̀, ibẹ̀ sì ni àṣìṣe ti ń wọlé. Èyí tí a rì sínú kòtò kì í gba àyè púpọ̀, ṣùgbọ́n òjò Ìkòròdú yóò kún inú rẹ̀. Èyí tí a gbé ka ilẹ̀ nílò ibi ìgòkè gígùn ní ìhà méjèèjì. Àrá máa ń ba ẹ̀rọ oníwáyà jẹ́, nítorí náà a gbọ́dọ̀ ri wáyà tí yóò gbé iná àrá wọlẹ̀. Lẹ́yìn èyí, irin tí a mọ ìwúwo rẹ̀ ni a fi ń dán an wò láti ìgbà dé ìgbà, níṣojú òṣìṣẹ́ ìjọba tí yóò lu òǹtẹ̀ sí i.

Nọ́ńbà mẹ́ta ni ó ń wà lórí ìwé tí awakọ̀ ń gbà: ìwúwo ọkọ̀ pẹ̀lú ẹrù, ìwúwo òfìfo, àti ohun tí ó kù bí a bá yọ èkejì kúrò nínú èkíní. A sì lè gbé ojú nọ́ńbà kejì sí ìta, kí awakọ̀ lè kà á láti orí ìjókòó rẹ̀ ní àkókò kan náà tí akọ̀wé ń kà á nínú ọ́fíìsì.